Ẹsẹ̀ Tí A Kọ́, Ife Tí A Gbà

Ní ọjọ́ kan tí a ń jíròrò lórí òmìnira àti àyànmọ́ nínú kíláàsì ìmọ̀ èrò ìjìnlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn yàrá. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ní ọdún 2019, orílẹ̀-èdè wa wà lára ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù nínú ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò na ẹnikẹ́ni láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ṣé iṣẹ́ ni kí a pe ìyẹn ni, àbí orí?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá wa dé ilé, ó sì jókòó tì wá nídìí oúnjẹ alẹ́.

A mọ ọmọ náà. Ó wà lára àwọn tó ń sáré ní ìrọ̀lẹ́ lórí pápá tí a ti ń wo àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọ̀ọ́kán, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ tí òjìji àwọn àpáta ńlá wọ̀nyẹn sì ti ń nà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́jì wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Nítorí náà, ọmọ yìí kò ṣe àwàdà. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó yẹ kí òun tún lọ sáré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé orí ni ó ń pín ife, kí ni ẹsẹ̀ ń wá lórí pápá?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an. Orílẹ̀-èdè Íjíbítì ni ìdíje ọdún 2019 ti wáyé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, tí a ń pè ní Écureuils, ìyẹn Ọ̀kẹ́rẹ́, nígbà náà, gbá ọ̀mì 2–2 pẹ̀lú Gánà. Mickaël Poté ni ó gbá góòlù méjèèjì wọlé. Wọ́n gbá ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Guinea-Bissau, wọ́n sì tún gbá ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Kamẹrúùnù, ẹni tí ife ọdún 2017 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀mì mẹ́ta yìí tó láti gbé wọn kọjá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ní ìlú Cairo, wọ́n pàdé Mòrókò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé yóò fi wọ́n ṣe ìfà jẹ. Moïse Adilehou ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa; Youssef En-Nesyri dá a padà fún Mòrókò. Nígbà tí àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, rẹfirí fún Mòrókò ní pẹnáritì. Hakim Ziyech gbá a, bọ́ọ̀lù sì lọ lu òpó. Nínú àfikún àkókò, wọ́n lé ọ̀kan nínú àwọn tiwa jáde, ó sì ku ènìyàn mẹ́wàá. Síbẹ̀, nígbà tí ó di pé kí a fi pẹnáritì yanjú ọ̀rọ̀, Benin borí pẹ̀lú 4–1. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Sẹ̀nẹ̀gàl fi góòlù kan ṣoṣo lé wọn padà sílé.

Kí ni kí a wí sí èyí? Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí orí nínú ọ̀rọ̀ yìí ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bí bọ́ọ̀lù Ziyech bá yà sínú díẹ̀, ìbáà ṣe ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, àwọn ọmọ wa ìbá ti kó ẹrù wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Òpó góòlù kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ìgbaradì, kò sì mọ ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọgọ́fà ìṣẹ́jú, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wúwo, tí ẹnìkan sì ti dín nínú wọn, àwọn mẹ́rin jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárín pápá, wọ́n rìn ìrìn gígùn yẹn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Òpó ni orí. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin yìí ni ẹsẹ̀. Orí ṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹsẹ̀ kò bá rìn wọlé, ilẹ̀kùn náà ìbá tún padà tì.

Àwọn baba wa kò fi orí àti ẹsẹ̀ ṣe ọ̀tá ara wọn. Nínú àwọn ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ lórí Ifá, ó fi yé wa pé ẹsẹ̀ ní ààyè tirẹ̀ nínú èrò Yorùbá nípa ènìyàn: orí ni ìpín tí ènìyàn yàn kí ó tó wá sáyé, ẹsẹ̀ sì ni akitiyan tí ó fi ń lé ìpín náà bá. Orí tó dára, tí kò ní ẹsẹ̀, yóò jókòó sí ibi tí wọ́n gbé e kà. Nítorí náà, ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa, “iṣẹ́ ni àbí orí?”, ti pín ohun tí àwọn àgbà so pọ̀ sí méjì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a béèrè ni èyí: nínú méjèèjì, èwo ni a fi sí ìkáwọ́ wa?

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ wà nínú orúkọ tí àwọn agbóhùnsáfẹ́fẹ́ fún irú ìdíje yìí. Kòmẹsẹ̀-ó-yọ: ẹni tí kò bá mọ ẹsẹ̀, kí ó yọ. Orúkọ náà kò sọ pé ẹni tí orí rẹ̀ bá burú ni kí ó yọ. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé nígbà mìíràn, ẹni tí ó mọ ẹsẹ̀ jù ni ó ń yọ, nítorí pé ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti fi wọn ènìyàn.

Àwọn ará òkè òkun mọ èyí. Ní ilẹ̀ Kánádà, eré tí wọ́n fẹ́ràn jù ni họ́kì orí yìnyín, èyí tí wọ́n ń wọ bàtà onírin pẹlẹbẹ ṣe lórí omi dídì, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá ohun róbótó kan wọ inú àwọ̀n. Nínú ìdíje wọn tó ga jù, nígbà tí ó bá di ìpele àṣekágbá, ẹgbẹ́ méjì kì í pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n lè pàdé títí dé ìgbà méje, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí nígbà mẹ́rin ni ó ń kọjá. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: bí orí bá gbè ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ yóò sọ òtítọ́ nípa rẹ ní àwọn alẹ́ tó kù. Síbẹ̀, ẹ wo ẹgbẹ́ Canadiens ti ìlú Montréal, níbi tí èdè Faransé ti gbilẹ̀. Ìgbà 24 ni wọ́n ti gba ife Stanley, kò sí ẹgbẹ́ tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1993 ni wọn kò ti fojú kàn án mọ́. Mélòó ni àwọn ọ̀dọ́ tó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà láti ìgbà yẹn, tí wọ́n ń sunwọ̀n sí i lọ́dọọdún, tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì láìfọwọ́ kan ife? Ṣé kí a sọ fún wọn pé asán ni gbogbo òwúrọ̀ wọn?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ohun tí à ń pè ní ìtẹ̀síwájú. Aristote, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, kọ́ wa pé ṣíṣe ohun òdodo ni ó ń sọ ènìyàn di olódodo, gẹ́gẹ́ bí lílu dùùrù ti ń sọ ènìyàn di onídùùrù. Ìwà kì í bọ́ láti ojú ọ̀run ní ọjọ́ ìdíje. Ó ti ń kóra jọ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò wò wá. Ẹni tó bá ti dúró létí pápá wa mọ bí ó ṣe rí. Ọmọ kan wà tí kò lè fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù kọjá mítà mẹ́wàá nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ pọn omi, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì nìkan, ní ogójì ìgbà. Ògiri náà ń dá a padà fún un láìyìn ín, láìbú u. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè sọ èwo ni ẹsẹ̀ tó lágbára jù nínú méjèèjì mọ́.

Àwọn ohun tí a fi ń múra sílẹ̀ kò sì ṣòro láti kà. Kí a sùn nígbà tó yẹ. Kí a mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wá. Kí a máa gbá pẹnáritì lẹ́yìn tí a bá ti rẹ̀ tán, nítorí pé ìgbà tí ó bá rẹ̀ wá ni a ó nílò rẹ̀. Kí á mọ ibi tí ẹnìkejì wa yóò wà láìgbé ojú sókè. Kí ẹni tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì mọ ipa ẹni tí ó wà lórí pápá. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Wọn kò ní arọ náà yóò borí ogun. Wọ́n ní kì yóò pa á. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ kò ṣèlérí ife fún wa. Ohun tí ó ṣèlérí ni pé ọjọ́ náà kò ní bá wa lójijì.

Ta ni ó lè gba ẹsẹ̀ òsì yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà? Kò sí. Bí wọ́n bá pàdánù ní ìpele àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yóò bá a wálé. Ṣùgbọ́n ife, bí a tilẹ̀ gbà á, inú àpótí onígíláàsì ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni yóò wà, eruku yóò sì bò ó. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbà á. Ife jẹ́ ohun tí a yá wa. Ẹsẹ̀ tí a kọ́ ni tiwa.

A fẹ́ràn èrò yìí, ṣùgbọ́n a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ láìjẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ẹgbẹ́ wa wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, àwọn kan mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tí ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti ọdún méjì. Wọ́n ti tún ọjọ́ orí rẹ̀ kọ lórí ìwé. Àwa olùkọ́ tó wà níbẹ̀ mọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bu ọwọ́ lu ìwé irọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. A ní ọlá ilé ẹ̀kọ́ ni. A ní àwọn ẹgbẹ́ yòókù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba ààyè ọmọ kan tí kò pa ìgbaradì jẹ rí láti ìgbà ọyẹ́. A borí pẹ̀lú 3–1. Ìlù dún, àwọn òbí jó. Ọmọ tí a yọ náà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò wá sí ìgbaradì. Nígbà tí a pè é láti béèrè ìdí, kò bínú, kò sì sunkún. Ó wò wá, ó ní: “Ọ̀gá, mo ti kọ́ ohun tí ẹ kọ́ wa.” Ẹgbẹ́ wa yọ ní ìpele tó tẹ̀ lé e. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà kí ọdún tó parí. Ó gbà á bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa ti ń gba àforíjì àgbà, ṣùgbọ́n kò padà sí orí pápá mọ́.

Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa nìkan. Ó burú débi pé láti ọdún 2009 ni FIFA ti ń lo ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́ láti mọ ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó dá wa dúró. Ohun tí a bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ya àwòrán rẹ̀. A fi ife kékeré kan han ọmọ kan pé òwúrọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú wa.

Ẹnìkan yóò sọ pé: “Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ó rọrùn fún yín láti sọ pé ife kò ṣe pàtàkì. Ọmọ tálákà tí ó ń wá ẹni tí yóò rí i, àfi kí ó borí.” Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. A kò sọ pé ìborí kò ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá wọ pápá láìfẹ́ borí kò bọ̀wọ̀ fún alátakò rẹ̀, kò sì bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀. Láìsí ìdíje, a ó máa tan ara wa jẹ: olúkúlùkù yóò máa rò pé òun ti gbọ́n, bí ẹni tí kò jáde kúrò ní abúlé rẹ̀ rí ti ń rò pé oko baba òun ni ó tóbi jù láyé. Ìdíje ni dígí. A ń lọ síwájú rẹ̀ kí ó lè fi ojú wa hàn wá. Nítorí náà gan-an ni a kò fi gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Oríire àti òfò lè mú kí dígí náà ṣú díẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́ni jẹ ti fọ́ ọ mọ́lẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà ó wá dúró síwájú àfọ́kù rẹ̀, ó ń yin ẹwà ara rẹ̀. Ní ti ọmọ tálákà, àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọmọ tálákà gan-an ni a yọ lọ́jọ́ yẹn.

Albert Camus, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1957, ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ Racing Universitaire d'Alger ní ìgbà èwe rẹ̀, kí àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó gbé e kúrò lórí pápá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó jẹ́rìí pé bọ́ọ̀lù ni ó kọ́ òun ní púpọ̀ nínú ohun tí òun mọ̀ nípa ìwà àti ojúṣe ènìyàn. Ó gba ọ̀pọ̀ iyì nínú ìwé kíkọ. Síbẹ̀, kò tijú láti ka pápá náà mọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2010, ní Gúúsù Áfíríkà, Gánà ń bá Uruguay díje nínú ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ ti Ife Àgbáyé. Ní ìparí àfikún àkókò, Luis Suárez fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù tó ń wọlé padà. Wọ́n lé e jáde, wọ́n sì fún Gánà ní pẹnáritì. Bí Asamoah Gyan bá gbá a wọlé, Gánà ni yóò kọ́kọ́ ṣojú Áfíríkà láàárín ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù. Ó gbá a, ó lu òpó òkè, ó fò lọ. Kò pẹ́ rárá tí ó fi di pé kí wọ́n fi pẹnáritì yanjú rẹ̀. Ta ni ó kọ́kọ́ jáde fún Gánà? Asamoah Gyan kan náà ni. Ó gbá a wọlé. Gánà pàdánù níkẹyìn pẹ̀lú 4–2, ilẹ̀ Áfíríkà sì sunkún.

Bí a bá fi ife wọn ọkùnrin yìí, ẹni tó kùnà ni. Ṣùgbọ́n a bi ara wa léèrè: ibo ni ó ti rí ẹsẹ̀ tó gbé e padà sí ojú ibi kan náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, níwájú gbogbo ayé? Kò rí i ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ti ń kọ́ ọ tipẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú láti wá ẹni tí yóò gbé òun dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tó kọ òun lẹ́sẹ̀, kí ó sì dìde fúnra rẹ̀. Ohun tí a rò pé ó ń jẹ́ ìtẹ̀síwájú nìyẹn: kí a ti orí ìṣubú ọmọdé kọjá sí orí ìṣubú àgbà. Ní ọdún 2022, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ wa padà láti Ọ̀kẹ́rẹ́ sí Guépards, ẹranko tí kò sí èyí tó lè bá a sáré lórí ilẹ̀. Orúkọ náà dára. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í kọ́ ẹsẹ̀.

Nígbà tí a padà sí kíláàsì, a dá akẹ́kọ̀ọ́ wa lóhùn. A sọ fún un pé iṣẹ́ àti orí ni, ṣùgbọ́n pé ẹnikẹ́ni kò ní bi í nípa òpó góòlù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a ó bi í. Ó ronú díẹ̀, ó tún ní: “Bí a bá wá pàdánù ńkọ́, Ọ̀gá?” A ní kí ó wá bá wa ní ọjọ́ kejì, kí ó sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ní ọdún tó kọjá. Bí ó bá rí ohun kan sọ, kò pàdánù tán. Bí wọ́n bá sì borí, kí ó wá dáhùn ìbéèrè kan náà.

Títí di ọjọ́ tí a ń kọ èyí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà kò tíì wáyé. A ti ka orúkọ àwọn tó máa gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí wọn lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ tiwa ni gbogbo wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n nà wá. Àwọn tó ń múra fún baccalauréat nínú wọn mọ̀ pé ìdíje mìíràn tún ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn èyí, níbi tí wọn kò ti ní rí ẹni gbá bọ́ọ̀lù fún. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí a ń lọ sílé, a gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lára ògiri. A kò yà síbẹ̀. A dúró lójú ọ̀nà, a sì kà á títí ó fi pé ogójì.